Ọmọ tí a gbà tọ́ ní ọ́tísíìmù àti ADHD: irú tẹ́rápì wo ni ká wá fún un?

Adùnní_Leeds

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ojúmọ́ o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, mi ò dá sí i rí. Lónìí ọ̀rọ̀ kàn mí.

Èmi àti ọkọ mi gba ọmọkùnrin kan tọ́ lọ́wọ́ káńsù nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 3. Ó ti pé ọdún 9 báyìí. Ọmọ Yorùbá ni ìyá tó bí i, ìyẹn ni wọ́n ṣe kàn sí wa. Ilé mẹ́ta ló ti gbé kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Lọ́dún tó kọjá ni dókítà ní ó ní ọ́tísíìmù, ìyẹn ni pé ọ̀nà tí ọpọlọ rẹ̀ gbà ń ṣiṣẹ́ yàtọ̀, ADHD, ìyẹn àìlèfọkànsí nǹkan àti àìlèjókòó jẹ́ẹ́, sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Níléèwé, ọmọ jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é. Kó sáà ti wọlé báyìí ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Bàtà á fò lọ sára ògiri, á máa forí gbá férémù ilẹ̀kùn, tí mo bá sún mọ́ ọn, á gé mi jẹ. Ata tí mo fẹ́ lọ̀, mi ò lè lọ̀ ọ́, torí tó bá gbọ́ ìró bùlẹ́ńdà, igbe tó máa ké, gbogbo àdúgbò á gbọ́. Tí gbogbo rẹ̀ bá wá rọlẹ̀, á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, á ní, "Mummy, ṣé ẹ máa dá mi padà ni?"

Social worker wa ní DDP, ìyẹn tẹ́rápì tí òbí àti ọmọ jọ ń ṣe, ló yẹ ká lọ. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó wà ní Amẹ́ríkà ní ABA, ìyẹn fífi èrè kọ́ ọmọ ní ìwà díẹ̀díẹ̀, ni ká wá. Ìyá ọkọ mi ní ká gbé e wá sí Ìjẹ̀bú-Òde, pé bọ́dìn á tọ́ ọ sọ́nà, àwọn àgbà ìjọ á sì gbàdúrà ìdáǹdè fún un. Màmá ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, wọn ò sì ní tètè lọ. Èwo ni kí n mú nínú gbogbo rẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti la irú ẹ̀ kọjá, kó bá mi dá sí i.

ÌyáAlájé_Peckham

Ẹ kú ìrọ́jú, àǹtí. Ilé wa náà lẹ ṣàlàyé yẹn. Ọmọ tó ń ṣe jẹ́jẹ́ níléèwé, ó ń pa á mọ́ra láti àárọ̀ ni. Ariwo yàrá oúnjẹ, iná àjà tó ń ṣẹ́jú, kọ́là tó ń yún un lọ́rùn, gbogbo ẹ̀ ló ń kó jọ. Ọ̀dọ̀ yín lọkàn rẹ̀ ti balẹ̀, ọ̀dọ̀ yín ló sì máa tú u dà sí.

Ata, àárọ̀ ni mo máa ń lọ̀ ọ́ tó bá ti jáde, mo ń pín in sínú fírísà. Tí mo bá lọ mú un, mi ò ní béèrè pé báwo ni iléèwé. Chinchin tó le dáadáa ni mo máa gbé lé e lọ́wọ́ nínú mọ́tò. Kò sí rédíò, kò sí ìbéèrè. Tá a bá délé, á bọ́ yúnífọ́ọ̀mù, á wọ abẹ́ tábìlì kan tí mo fi aṣọ bò, á fi aṣọ òfì àtijọ́ ti màmá mi bo ẹsẹ̀. Wíwúwo aṣọ yẹn ló ń tù ú lára. Kò tíì sí tẹ́rápì kankan nínú èyí o, ṣùgbọ́n ìjà ọ̀sán dín kù púpọ̀.

Alàgbà_Dagenham

Ẹ má bínú o, èmi á sọ tèmi. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, kò sẹ́ni tó mọ ADHD. Ọmọ tó bá gé ìyá rẹ̀ jẹ, pàṣán ló máa bá a sọ̀rọ̀. Òyìnbó ti fi orúkọ sí gbogbo nǹkan tán. Mi ò ní kí ẹ nà án o, mo mọ òfin ìlú yìí. Àmọ́ ọmọ tó bá lo ọdún kan sí méjì nílé, láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń jí láago márùn-ún ìdájí, á mọ ìwà hù. Ọmọ àbúrò mi lọ, ó sì padà wá gẹ́gẹ́ bí ọmọlúàbí. Àdúrà náà kò sì burú.

Màmá_Bódìjà

Alàgbà, ẹ kú àgbà. Ọmọ àbúrò yín yẹn, ṣé ó ní ọ́tísíìmù ni, àbí agídí ló ń ṣe? Ọ̀tọ̀ ni méjèèjì.

Ìbàdàn ni mò ń gbé. Ọmọ tèmi náà, a gbà á tọ́ ni, lábẹ́ òfin. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti là á sílẹ̀ láti 2003 bí wọ́n ṣe ń gbọ́mọ tọ́, síbẹ̀ ẹ̀yin náà mọ bí ilé wa ṣe rí: àwọn kan á gbọ́mọ tọ́, wọ́n á di aṣọ mọ́kùn kí ayé lè gbà pé àwọn ló bí i. A ò ṣe bẹ́ẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí ẹbí fi rí nǹkan sọ. Nígbà tí ọmọbìnrin mi pé ọdún 4 tí kò tíì sọ̀rọ̀, tó ń fẹsẹ̀ kan yí po bí òkòtó láti àárọ̀ dalẹ́, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé, "ẹ ò kúkú mọ ibi tí wọ́n ti gbé e." Àwọn míì ní ẹmèrè ni.

Ẹnì kan nínú ẹbí gbé e lọ sílé àdúrà kan lẹ́yìn mi. Wọ́n ní kí ọmọ ọdún 7 gbààwẹ̀. Wọ́n tì í mọ́ inú yàrá tí agogo àti ìlù ti ń dún lákọlákọ, ọmọ tí ìró ìkòkò lásán ń mú di etí. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ tó ti ń sọ, ó gbé e mì. Ó pẹ́ gan-an kó tó tún pe "omi". Mi ò ní kí ẹ má gbàdúrà o. Èmi gan-an, kò sí òwúrọ̀ tí mi ò kí ń gbọ́wọ́ lé e lórí. Ṣùgbọ́n àdúrà tó bá ti ní ebi nínú, tàbí dídè, tàbí kí wọ́n máa pariwo mọ́ ọmọ, ìyà ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́.

Bọ́dìn ńkọ́? Agogo, títò lórí ìlà, àwọn sínọ̀, yàrá kan tí ogún ọmọ ń sùn sí. Ṣé ibẹ̀ ni ara ọmọ yẹn ti máa rọ̀? Oògùn ADHD tó bá ń lò, kì í sábà sí lọ́jà wa níbí. Tí ìrìn àjò bá gbé yín wá, UCH ní klíníkì ìlera ọpọlọ fún àwọn ọmọdé, University of Ibadan ní Centre for Child and Adolescent Mental Health tó ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ nípa rẹ̀, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ti Yaba sì ní ẹ̀ka àwọn ọmọdé ní Òṣòdì. Ẹ lè lọ síbẹ̀. Àmọ́ ọmọ tó ti gbé ilé mẹ́ta, tó ń béèrè bóyá ẹ máa dá òun padà, kí ẹ wá gbé e wọ bààlú, kí ẹ lọ fi í sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú? Ẹ ti dá a lóhùn nìyẹn.

Alàgbà_Dagenham

Ti oògùn, mi ò mọ̀. Ti ìbéèrè ọmọ náà, ẹ ti sọ ọ́ débi tí mi ò rí fèsì sí. Ẹ má ṣáà jẹ́ ká da àṣà wa nù.

Tòkunbọ̀_Kent

Èmi ni ọmọ tí ẹ ń sọ yẹn, mo kàn ti dàgbà ni. Àwọn òbí mi jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní London. Bí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ìgbà náà, wọ́n polówó mi nínú ìwé ìròyìn Nursery World fún ẹni tó máa bá wọn tọ́ mi, tọkọtaya òyìnbó kan ní Kent sì gbà mí. Mo ti tó ọmọ ọdún 10 kí wọ́n tó wá mú mi lọ sí Abẹ́òkúta, láàárín àwọn tí mi ò mọ̀, nínú èdè tí mi ò gbọ́. Mo ti lé ní ogójì ọdún dáadáa kí dókítà tó sọ fún mi pé ọ́tísíìmù ni. Nítorí náà, ẹ mọ ibi tí mo dúró sí lórí ọ̀rọ̀ "ká gbé e lọ sílé".

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ojú. Ní Abẹ́òkúta, wọ́n yìn mí pé ọmọ tó lọ́wọ̀ ni mí, torí mi ò kí ń wo ojú àgbà. Ní Kent, tíṣà máa ń di àgbọ̀n mi mú pé kí n wo òun. Bákan náà ni ó ń rí fún mi níbi méjèèjì: ojú èèyàn ń ta mí lára. Ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú ọmọ yín, tó wá ní dandan ni kó wo ojú òun, ẹ mú báàgì yín kí ẹ máa lọ.

ABA, mi ò fẹ́ gbọ́. Ọ̀gbẹ́ni Lovaas tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní UCLA, ìgbátí àti iná mànàmáná wà lára ohun tó fi ń kọ́ àwọn ọmọ láwọn ọdún 1960. Wọ́n ti pa ìyẹn tì, mo mọ̀. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ṣì ni pé kí ọmọ má jọ ara rẹ̀ mọ́.

ÌyáBọ́lá_Houston

Ẹ̀gbọ́n Tòkunbọ̀, ẹ kú àforítì. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ti 1960 na tòní. Ọmọ mi máa ń já lọ́wọ́ mi sá sí títì, ní Houston tí mọ́tò ò mọ ọmọdé. Àwọn oní-ABA ló kọ́ ọ láti dúró ní etí títì. Àwọn ló kọ́ ọ láti na káàdì tó ní àwòrán tó bá fẹ́ omi tàbí ilé ìyàgbẹ́, dípò kó máa ké. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Òótọ́ kan tí àwọn èèyàn wa níbí kì í sọ fún yín ni pé ABA ni ìnṣọ́ránsì máa ń tètè sanwó fún ní Amẹ́ríkà, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ òun ni gbogbo wa ń pariwo. Wọ́n ní kí ọmọ mi máa ṣe wákàtí 40 lọ́sẹ̀, bíi ti ìwádìí Lovaas ti 1987. Mo kọ̀ jálẹ̀. Ọmọ ọdún 4 wo ló ń ṣiṣẹ́ ogójì wákàtí? Mo gba díẹ̀, mo jókòó sínú yàrá, mo sì ní kí wọ́n fi ohun tí wọ́n fẹ́ kọ́ ọ hàn mí. Ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kó yéé máa ju ọwọ́ fìrìfìrì, mo fi bírò fagi lé e. Ọwọ́ jíjù rẹ̀ kò pa ẹnikẹ́ni lára.

Àǹtí Adùnní, mi ò sì ní sọ pé kí ẹ lọ ṣe é. Èmi ni mo bí ọmọ tèmi, kò sẹ́ni tó fi í sílẹ̀ rí. Ọmọ tí ilé ti tú mọ́ lórí léraléra, kí wọ́n máa mú nǹkan tó fẹ́ràn kúrò níwájú rẹ̀ títí á fi ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe, ohun mìíràn nìyẹn máa sọ fún un.

Tòkunbọ̀_Kent

Ẹ ṣeun lórí ọwọ́ jíjù yẹn. Ìyókù, a ò ní gbà fún ara wa.

OníTẹ́rápì_Salford

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Iṣẹ́ mi ni occupational therapy, ìyẹn ríran èèyàn lọ́wọ́ láti lè ṣe nǹkan ojoojúmọ́, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí mò ń rí ni wọ́n gbà tọ́. ÌyáAlájé ti ṣe ìdajì iṣẹ́ mi tán láìgba kọ́bọ̀.

Social worker yín kò ṣì í, àmọ́ ó kù síbì kan. DDP, Dan Hughes ará Amẹ́ríkà ló gbé e kalẹ̀ fún àwọn ọmọ tí ilé àkọ́kọ́ ti ṣe léṣe. Òbí máa ń jókòó ti ọmọ níbẹ̀. Ẹni tó bá mọṣẹ́ tiẹ̀ máa kọ́kọ́ rí ẹ̀yin òbí nìkan kó tó pe ọmọ wọlé. Kó má yà yín lẹ́nu tó bá béèrè bí wọ́n ṣe tọ́ ẹ̀yin náà, àti ohun tó máa ń sọ sí yín lọ́kàn tí ọmọ bá gé yín jẹ. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ bàbá ilẹ̀ wa sì máa ń fẹ́ sá níbẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń pè ní PACE ni wọ́n máa kọ́ yín: ẹ máa bá a ṣeré, ẹ gba ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ bó ṣe wà, ẹ máa wá ìdí dípò kí ẹ máa dájọ́, ẹ bá a kẹ́dùn. Gbígba ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ kò ní kí ẹ gba ìgéjẹ o. Ẹ wo ìbéèrè rẹ̀ yẹn, "ṣé ẹ máa dá mi padà?" Ohun tó máa ń yá lẹ́nu wa ni, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn?" Ọmọ á gbọ́ pé kò yẹ kóun béèrè. Ẹ gbìyànjú eléyìí: "Háà, ohun tó wà lọ́kàn rẹ nìyẹn. Ẹ̀rù á ti bà ọ́. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí ọ rí, kò yà mí lẹ́nu pé o rò ó." Ẹ dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá ní ọmọ yín ni, ibí ni ilé rẹ̀.

Ibi tó kù sí ni pé ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú DDP. Onítẹ́rápì máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń méfò ohun tó wà nínú ọmọ. Ọmọ tó ní ọ́tísíìmù lè má mọ̀ bóyá ebi ló ń pa òun, inú ló ń bí òun, tàbí ìtọ̀ ló ń gbọ̀n ọ́n, torí bákan náà ni gbogbo rẹ̀ ṣe ń rí lára rẹ̀. Tí wọ́n bá wá ń béèrè pé báwo ló ṣe rí lọ́kàn ẹ, á ju àga. Fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ara la máa ń jókòó sí, a ò ní dojú kọra. Lego tàbí ìwé àti pẹ́ńsù á wà lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ á mọ níwọ̀n, ó sì gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tó máa parí àti bó ṣe lè jáde tó bá sú u. Nítorí náà, kí ẹ tó gbà, ẹ bi onítẹ́rápì náà: ọmọ mélòó ló ti tọ́jú tó ní ọ́tísíìmù tí wọ́n sì gbà tọ́? Kí ló máa ṣe lọ́jọ́ tí ọmọ bá ní òun ò wọlé? Tó bá ní òun á rọ̀ ọ́ títí á fi wọlé, ẹ wá ẹlòmíì.

Àwọn kan á sọ fún yín pé kì í ṣe ọ́tísíìmù, ìyà ìgbà kékeré ni. Àwọn míì á ní ọ́tísíìmù ni, ẹ má da ìtàn pọ̀ mọ́ ọn. Méjèèjì jọra débi pé wọ́n ní àtẹ kan, Coventry Grid, tí àwọn dókítà fi ń fi wọ́n wéra. Ọmọ kan sì lè ní méjèèjì.

Ẹ tún béèrè nípa FASD, ìyẹn ohun tí ọtí máa ń ṣe sí ọpọlọ ọmọ inú oyún. Ó máa ń jọ ADHD, ó sì wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọmọ tí wọ́n gbà tọ́ nílẹ̀ yìí. NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú ìlera nílẹ̀ yìí, fi ìlànà jáde lórí rẹ̀ ní 2022. Ẹ wo fáìlì tí káńsù fún yín.

Ohun kan ṣì kù tí mi ò lè fi sílẹ̀. Ní 2000, ní ìpínlẹ̀ Colorado, Candace Newmaker, ọmọ ọdún 10 tí wọ́n gbà tọ́, kú lọ́wọ́ àwọn onítẹ́rápì tó fi aṣọ wé e, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, pé àwọn ń tún un bí kó lè fẹ́ràn ìyá tó gbà á. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìpínlẹ̀ náà fi òfin de irú rẹ̀. Ẹni tó bá ní òun á di ọmọ yín mú títí á fi rọ̀, ẹ má dúró gbọ́ ìyókù.

ÌyáAlájé_Peckham

Ẹ ṣeun, àǹtí. Àmọ́ ẹ rọra pẹ̀lú ọtí yẹn o. Kì í ṣe gbogbo ìyá tí wọ́n gbọ́mọ lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń mutí. Ẹ má lọ sọ ọ́ sí ọmọ náà létí.

OníTẹ́rápì_Salford

Òótọ́ ni. Dókítà ni kí ẹ bá sọ ọ́.

Adùnní_Leeds

Mo ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀méjì, ọkọ mi náà kà á. Ẹ ṣeun gan-an. Tọkọtaya ti fẹnu kò: ọmọ ò lọ síbì kankan. Ó ku owó, ó sì ku Màmá. Iléèwé ní àwọn ò rí wàhálà kankan, pé àwọn ò lè kọ lẹ́tà tì wá lẹ́yìn. Owó ìjọba tí social worker ní a lè fi san owó tẹ́rápì, ẹnì kan ní wọ́n ti fagi lé e. Màmá sì gbọ́dọ̀ gba ìkíni o. Ọmọ tí kò dọ̀bálẹ̀, ẹjọ́ ni.

BàbáÌbejì_Croydon

Wọn ò fagi lé e. Adoption and Special Guardianship Support Fund ni, ti England, láti 2015. £5,000 ni fún ọmọ kan lọ́dún. Ẹ̀yin fúnra yín kọ́ lẹ máa kọ̀wé béèrè, káńsù ló máa bá yín ṣe é lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wo ohun tí ọmọ nílò. Ó ti ju ọdún mẹ́ta lọ tí ẹ ti gbà á, nítorí náà káńsù ibi tí ẹ ń gbé ni kí ẹ lọ bá, bó bá tiẹ̀ jẹ́ káńsù mìíràn ló fún yín lọ́mọ.

DLA, owó ìjọba fún ọmọ tó ní àìlera, ńkọ́? Ṣé ẹ ti ń gbà á? Wọn kì í wo iye tó ń wọlé fún yín, wọn kì í sì í ní dandan kí dókítà ti sọ orúkọ àìsàn. Níti iléèwé, ẹ ya fídíò rẹ̀ tó bá ń ṣe é nílé. Wọn ò ní lè jiyàn mọ́.

OníTẹ́rápì_Salford

Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, £3,000 ni láti oṣù kẹrin 2025. Owó ọ̀tọ̀ tí wọ́n ń fún ni fún àyẹ̀wò náà ti lọ. Ìyókù ọ̀rọ̀ yín péye.

Tòkunbọ̀_Kent

Fídíò kẹ̀? Ẹ má ṣe é. Ọmọ tí ọkàn rẹ̀ dàrú, kó gbójú sókè, kó rí fóònù lọ́wọ́ ìyá rẹ̀? Ó máa gbà pé ẹ ń kó ẹ̀rí jọ láti fi dá òun padà ni.

BàbáÌbejì_Croydon

Mi ò ronú débẹ̀. Ẹ ya fọ́tò ilẹ̀kùn, nígbà náà, kí ẹ sì máa kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́, aago, ohun tó ṣáájú, bó ṣe pẹ́ tó. Ìyẹn náà ṣiṣẹ́ fún wa.

Màmá_Bódìjà

Ọmọ mi Adùnní, ọ̀rọ̀ Màmá lèmi á dá sí, torí ìyá ọkọ lèmi náà báyìí. Má dúró títí wọ́n á fi dé. Jẹ́ kí ọkọ rẹ pè wọ́n, kì í ṣe ìwọ. Kó sọ fún ìyá rẹ̀ pé ọmọ yìí á juwọ́ sí wọn tàbí kó ní "ẹ káàbọ̀" láti ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀, pé ìkíni tiẹ̀ nìyẹn, kí wọ́n má sì gbá a mọ́ra àfi tó bá sún mọ́ wọn. Kó tún sọ ọ́ kedere pé ọ̀rọ̀ ìdáǹdè ò gbọdọ̀ wáyé nílé yẹn. Ẹnu ọmọ wọn ló ti yẹ kí wọ́n gbọ́ ọ.

Lẹ́yìn náà, fún wọn níṣẹ́. Àgbà tí kò rí nǹkan ṣe á máa wá ẹjọ́. Ra ẹ̀gúsí tí wọn ò tíì bó, gbé àwo méjì kalẹ̀. Kí Màmá máa bó ẹ̀gúsí wọn, kí ọmọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tó bá wù ú. Ojú á wà lára ẹ̀gúsí, ọwọ́ á ríṣẹ́ ṣe, kò sẹ́ni tó ń bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ọmọ mi lè ṣe é fún wákàtí kan gbáko. Tí Màmá bá fẹ́ máa kì í, kí wọ́n fi ohùn jẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀. Tó bá di etí, kí wọ́n dákẹ́.

Alàgbà_Dagenham

Ti oríkì yẹn dára. Àǹtí, ẹ fún ọkọ yín ní nọ́ńbà mi tí Màmá bá ń gbógun. Àgbà ló máa ń gbọ́ tàgbà.

Adùnní_Leeds

Alàgbà, mo ti ránṣẹ́ sí yín ní ìkọ̀kọ̀. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta yẹn, kò ní pẹ́ tán. Ṣé ìrànwọ́ kankan wà níléèwé tí mo lè béèrè fúnra mi, tí wọn ò bá tiẹ̀ fẹ́ kọ lẹ́tà?

BàbáÌbejì_Croydon

Ó wà. Ẹ béèrè ẹni tó jẹ́ designated teacher. Gbogbo iléèwé ìjọba ló gbọ́dọ̀ ní in fún àwọn ọmọ tó ti wà lábẹ́ ìtọ́jú káńsù rí. Tí ẹ bá sọ fún wọn pé ẹ gbà á tọ́ ni, iléèwé á máa rí owó ìjọba tí wọ́n ń pè ní pupil premium plus gbà lórí rẹ̀, ó sì lé ní £2,500 lọ́dún. Ẹ bi wọ́n ohun tí wọ́n ń fi ṣe.

Ní ti EHCP, ìwé òfin tí káńsù fi ń ṣètò ìrànwọ́ ọmọ níléèwé, òbí lè béèrè fúnra rẹ̀, iléèwé gbà o, wọn ò gbà o. Ọ̀sẹ̀ 6 ni káńsù ní láti dáhùn bóyá wọ́n á ṣe àyẹ̀wò, ọ̀sẹ̀ 20 lápapọ̀ tí wọ́n bá máa ṣe é. Lẹ́tà tí ẹ lè tẹ̀ lé wà lórí ìkànnì IPSEA, ẹgbẹ́ tó ń ran òbí lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ fi íméèlì ránṣẹ́, ẹ má fi lélẹ̀ ní ríséṣọ̀n, torí ọjọ́ tí káńsù gbà á ni kíkà ti bẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá kọ̀, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí tribunal. Wọ́n kọ tiwa lákọ̀ọ́kọ́, a pẹjọ́, wọ́n gbà kí ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ tó pé.